Ẹ Jẹ́ Kí Fọ́tò Olúmọ Jọ Olúmọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín. Ayafọ́tò ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, Ìtòkò ni mo ń gbé, fọ́tò òkè, odò àti ojú ọ̀run ni mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wa. Àlejò kan tí mo mú gun Olúmọ ní oṣù tó kọjá ló mú mi kọ ìwé yìí. Ìbàdàn ló ti wá, fọ́tò kan tó rí lórí fóònù rẹ̀ ló sì fà á wá. Nígbà tí a dé orí àpáta, ó wo ìsàlẹ̀ títí, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, odò náà dà?" Nínú fọ́tò tí ó fi hàn mí, Odò Ògùn ń ṣàn gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá, omi rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àmù, òrùlé gbogbo ilé sì pupa fòò. Ẹni tó ṣe àtúnṣe fọ́tò náà ti fa odò tó wà lọ́hùn-ún, ní ìhà Láfẹ́nwá, wá sí ìdí Olúmọ.

N kò lòdì sí àtúnṣe fọ́tò rárá. Ẹni tó bá ní fọ́tò òtítọ́ kì í gba àtúnṣe kò tíì mọ bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú èèyàn lè wo òfuurufú tó mọ́lẹ̀ yòò àti òjìji abẹ́ àpáta lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì rí méjèèjì, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá mú ojú ọ̀run dáadáa, abẹ́ àpáta a dúdú kirikiri, bí ó bá sì mú abẹ́ àpáta, ojú ọ̀run a funfun báláú. Bákan náà ni kámẹ́rà tí a ní kí ó fúnra rẹ̀ yan ìwọ̀n àwọ̀ ṣe máa ń ka pípọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ sí àṣìṣe, tí á sì bù ú kù. Ẹni tó bá gbé òjìji náà sókè díẹ̀, tó sì dá ìrọ̀lẹ́ padà sí bí ojú rẹ̀ ti rí i, òtítọ́ ni ó ń wá. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ń ṣe irú rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò kí kọ̀ǹpútà tó dé: wọ́n á fi ọwọ́ tàbí páálí ṣíji bo apá kan bébà fọ́tò kí ìmọ́lẹ̀ má baà mú apá náà dúdú jù. Nítorí èyí ni mo ṣe ń ya tèmi sí RAW, fáìlì tó tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí láìtíì tún un ṣe, dípò JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti tún ṣe tó sì ti fún pọ̀, nítorí ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ni JPEG ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, nígbà tí RAW oní-bíìtì 14 ní 16,384, àtúnṣe kékeré kò sì ní sọ ojú ọ̀run di ìlà-ìlà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọ̀ ìlú wa gan-an kò ní àbùkù kan. Àwọ̀ eérú ni Olúmọ, ojú ibi tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀ sì dúdú. Kì í ṣe búlúù. Páànù tó dípẹtà kò pupa bákan náà láti ilé dé ilé: òmíràn rí rúsúrúsú, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, páànù tuntun kan á sì máa kọ mànà láàárín wọn, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹwà ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á bo ọ̀nà jíjìn títí òkè tó wà lọ́hùn-ún á fi rí bí òjìji lásán. Ẹni tó bá wá fa irinṣẹ́ tó ń lé kùrukùru dé òpin, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ló pa rẹ́. Àwọn aláró wa mọ̀ pé bí a ti ń ri aṣọ bọ aró léraléra ni ó ń dúdú sí i, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó tó. Ibi tí a ti ń fi kún àwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà fẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ètò àwòrán, kò sí ohun tó burú nínú kí a gé etí fọ́tò. Bí wáyà iná bá dí mi lójú, mo máa ń sún ẹsẹ̀ tàbí kí n padà wá ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ni Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àtúnṣe fọ́tò, ti ní irinṣẹ́ tó ń yọ ojú ọ̀run kúrò tí á sì fi òmíràn rọ́pò, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó láìwo ilẹ̀: oòrùn á wà lẹ́yìn àpáta, òjìji àwọn ilé á tún máa na ọwọ́ sí ibi tí oòrùn wà. Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣe é rí. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic fa àwọn pírámíìdì Gíísà ní Íjíbítì súnmọ́ra kí fọ́tò tó wà ní ìbú lè bá èèpo iwájú ìwé tó wà ní òró mu, àríwísí tó tẹ̀ lé e kò sì kéré.

Ìṣe tèmi ni pé, bí mo bá parí àtúnṣe, mo máa ń tẹ fọ́tò náà sórí bébà, mo sì ń gbé e padà lọ síbi tí mo ti yà á, ní wákàtí kan náà, kí n fi wé ohun tó wà níwájú mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti padà sílé lọ bu àwọ̀ ewé kù.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ máa béèrè fáìlì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò ilẹ̀ wa ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì máa kọ sí abẹ́ rẹ̀ ibi tí wọ́n ti yà á, oṣù tí wọ́n yà á, àti bóyá wọ́n yọ ohunkóhun tàbí fi ohunkóhun kún un. Mo ṣe tán láti fi tèmi ránṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú wáyà iná àti páànù tó dípẹtà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayafọ́tò kan,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.