Ẹ Jẹ́ Kó Tilẹ̀kùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Ìmọ̀ràn pọ̀ nílẹ̀ fún ẹni tí másùnmáwo ń bá fínra, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá bí ẹni náà bá ń gba ìtọ́jú ọkàn lórí fóònù.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọdún tí mo fẹ̀yìntì yẹn gan-an ni ọkọ mi papòdà, ni mo bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Oorun dá lójú mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, bẹ́ẹ̀ n kò rí ohun tó ń lé mi. Àbúrò mi kan ló bá mi wá therapist, ìyẹn olùtọ́jú ọkàn, tí a jọ máa ń rí ara wa nínú fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kó tó bi mí léèrè ohunkóhun, ó ti sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn tó fún un. Ó béèrè ibi tí mo jókòó sí lákòókò náà àti nọ́ńbà ẹni tó lè tètè dé ọ̀dọ̀ mi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó ní ohun tí mo bá sọ kò ní í kọjá ọ̀dọ̀ òun, àyàfi bí òun bá rí i pé ẹ̀mí mi tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu. Ẹni tí kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹ má kó àṣírí yín fún un.

Ó tún fi òṣùwọ̀n kan hàn mí, èyí tí Thomas Holmes àti Richard Rahe, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1967. Wọ́n fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan tó lè kó másùnmáwo bá èèyàn ní máàkì. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100, ìfẹ̀yìntì gba 45, kíkó kúrò nílé gba 20. Àní ìgbéyàwó, tó jẹ́ ohun ayọ̀, gba 50! Mo ro tèmi pọ̀, ó di 165, bẹ́ẹ̀ láti 150 ni wọ́n ti ní ó yẹ kí èèyàn fura sí ìlera ara rẹ̀. Therapist ní máàkì yìí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ àìsàn o. Síbẹ̀ ó tù mí nínú, torí àwọn kan ti ń sọ pé mò ń ṣe bí ọmọdé.

Ó ní kí n ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ nírọ̀lẹ́, kí n kọ gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú sínú ìwé. Bí èyíkéyìí bá wá lóru, kí n sọ fún un pé ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé, "Bí mo bá kú sínú yàrá yìí lóru, ta ni yóò mọ̀?" Kò ní kí n má ro bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kàn bi mí pé kí la lè ṣe sí i. Láti ìgbà náà, ìyàwó ọmọ mi máa ń kanlẹ̀kùn mi láràárọ̀ kó tó jáde, èmi náà á dáhùn. Oorun ti ń kùn mí báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí èèyàn bá lọ bá dókítà ní ọ́fíìsì, dókítà ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Lórí fóònù, ará ilé ni. Lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ mi á wọlé wá ṣájà, ìyàwó ọmọ mi á yọjú béèrè kọ́kọ́rọ́, ọmọ mi á tilẹ̀ bẹjú wo fóònù, á kí therapist, á ní, "Ẹ bá wa tọ́jú Màmá o." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbígbé lọ́dọ̀ wọn gan-an ni mo fẹ́ sọ! Ṣe ni mo ń gbé e mì. Therapist gbọ́ ọ lóhùn mi. A wá fẹnu kò pé bí mo bá ti yọ awò ojú mi, ẹnìkan ti wọlé nìyẹn, kó yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa tilẹ̀kùn, ó dun ọmọ mi. "Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ tí a ò gbọdọ̀ gbọ́?" Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń kọsẹ̀ nìyí. Mo dá a lóhùn pé ohun tí mo ń sọ níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀ níta. Ó dákẹ́ lọ títí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló tan rédíò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ohùn mi má baà jáde.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀: bí ẹni yín bá ń bá therapist sọ̀rọ̀, ẹ yẹra. Bó bá parí, ẹ má bi í pé, "Kí ló sọ?" Ó lè jáde tòun ti ojú pípọ́n, ó fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ẹ má ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má dúró de ọjọ́ fídíò o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta fún un. Ìjókòó náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 50 lọ.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì