Ọba Ni Kí A Kọ́kọ́ Gbé Nígbà Tí Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Bá Ń Parí Lọ

Sí Olóòtú,

Mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ayò ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìwé ìròyìn yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kà á, bí a ṣe ń ṣí ayò àti bí a ṣe ń fi ayaba rúbọ kí a lè pa ọba ọ̀tá nìkan ni ẹ ń fi hàn wá. N kò tíì rí ibi tí ẹ ti gbé ìparí ayò kalẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ayò tí ó kù lórí ọpọ́n kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ayò tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí ó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni ọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayò, igun ni a máa ń fi í pamọ́ sí, a ó sì to pọ́ọ̀nù (ọmọ ayò kékeré tí ó ń di ayaba bí ó bá dé òpin ọpọ́n) síwájú rẹ̀, nítorí ayaba ọ̀tá ń rìn kiri. Nígbà tí àwọn ayaba bá ti kúrò lórí ọpọ́n tán, ọba di jagunjagun tí agbára rẹ̀ kò kéré sí ti ẹṣin tàbí ti bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó bá sì ṣì fi tirẹ̀ sí igun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọmọ ayò kan kúrò nínú ogun. Àárín ọpọ́n ni kí ó kọrí sí kí pọ́ọ̀nù tó sún. (Bí ayaba bá ṣì wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ọba tí ó bá jáde sí gbangba nígbà náà lè kàgbákò.)

Mo ti jìyà àìmọ èyí rí. Nínú ayò kan tí mo ti fi pọ́ọ̀nù kan ju ẹni tí mo ń bá ta lọ, mo fi rúùkù mi (ọmọ ayò tí ó dàbí ilé ìṣọ́) pààrọ̀ tirẹ̀ láìronú jinlẹ̀. Ó wá ku ọba mi, funfun, ní ojú d2 (lẹ́tà ń tọ́ka sí òpó láti òsì funfun lọ sí ọ̀tún, nọ́ńbà sì ń tọ́ka sí ìlà láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sókè), pọ́ọ̀nù mi ní e2 àti ọba rẹ̀ ní e7, èmi ni ó sì kàn láti ta. Ọwọ́ mi ti kan pọ́ọ̀nù kí n tó wo ọpọ́n dáadáa, mo sì sún un lọ sí e4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba rẹ̀ bọ́ sí e6, tèmi sáré dé e3, tirẹ̀ wá dúró sí e5 gan-an níwájú pọ́ọ̀nù mi, gbogbo ọgbọ́n tí mo dá lẹ́yìn náà kò sì ràn án. A ta ọ̀mì. Nígbà tí mo tún to àwọn ọmọ ayò náà síbi tí wọ́n wà, mo rí i pé ọba ni ó yẹ kí n gbé lọ sí e3. Bí ọba dúdú bá wá sí e6, tèmi á lọ sí e4, àwọn méjèèjì á kojú ara wọn pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo láàárín, òun ni yóò sì kàn: bí ó bá yà sí ọ̀tún, èmi á gba òsì kọjá, bí ó bá yà sí òsì, èmi á gba ọ̀tún. Kódà bí ó bá jẹ́ pé èmi ni ó kàn nígbà tí a kojú ara wa bẹ́ẹ̀, pọ́ọ̀nù tí kò tíì kúrò ní e2 á sún ẹyọ kan sí e3, á sì di dandan kí ọba rẹ̀ yẹ̀ fún mi. Ìṣísẹ̀ kan yẹn ni mo fi ìkánjú ná dànù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ ọba lè ṣe, kí ó wo àdììtú tí Richard Réti, gbajúmọ̀ òǹtayò ṣẹ́ẹ̀sì, gbé jáde ní 1921. Ọba funfun wà ní h8, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní c6. Ọba dúdú wà ní a6, pọ́ọ̀nù tirẹ̀ ní h5. Funfun ni ó kàn. Lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò ó, funfun ti kú, nítorí ọba rẹ̀ kò lè bá pọ́ọ̀nù dúdú, ó sì jìnnà sí tirẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ń gba igun ojú kan bọ́ sí òmíràn, láti g7 sí f6, pọ́ọ̀nù méjèèjì ni ó ń sún mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí dúdú bá yà láti pa c6, ọwọ́ funfun á tẹ pọ́ọ̀nù h. Bí dúdú bá sì jẹ́ kí pọ́ọ̀nù rẹ̀ sáré, ọba funfun á dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lásìkò, pọ́ọ̀nù méjèèjì á sì di ayaba. Ọ̀mì ni. Mo ti tò ó sórí ọpọ́n mi ní àìmọye ìgbà, ẹnu ṣì ń yà mí.

Rúùkù ni ó sábà máa ń kù jù nínú ìparí ayò, àlàyé rẹ̀ sì ju lẹ́tà kan lọ. Ó kéré tán, kí òǹtayò mọ ìgbèjà tí Philidor, òǹtayò ará Faransé, fi hàn ní 1777: kí ọba dúró níwájú pọ́ọ̀nù ọ̀tá, kí rúùkù di ìlà kẹta láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú kí ọba ọ̀tá má bàa wọlé, bí pọ́ọ̀nù náà bá sì ti sún dé ìlà yẹn, kí rúùkù lọ sí òpin ọpọ́n lọ́hùn-ún, kí ó máa lé ọba ọ̀tá láti ẹ̀yìn.

José Raúl Capablanca ará Kúbà, tí ó jẹ́ ọ̀ta àgbáyé (ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú ṣẹ́ẹ̀sì) láti 1921 sí 1927, gbà pé ìparí ayò ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ́, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀mì àti èyí tí a lè jẹ nínú ọba àti pọ́ọ̀nù kan, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pààrọ̀ rúùkù? Mo bẹ̀ yín, ẹ máa tẹ ọpọ́n kan jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ayò orí rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ lè fi ti d2, e2 àti e7 yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé funfun ni ó kàn, kí ẹ sì fi ìdáhùn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín