Ẹ Má Yọ Àwọn Aláró Kúrò Nínú Ìtàn Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Bí ọmọ mi bá ti rà á bọ̀ láti Ọlá-Ìyá ni mo ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé sí yín rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, mo sì ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ìjọ Áńgílíkà kékeré kan ní Òṣogbo níbí ni wọ́n bí mi sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń jọ́sìn, n kò sì kọ̀wé yìí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìjọ náà ń múra àjọ̀dún ńlá, wọ́n sì ti tẹ ìwé ìtàn tí wọn yóò pín lọ́jọ́ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn. Mo rí orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti sìn ní ìjọ wa. Mo rí fọ́tò ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀, ti ẹni tó tẹ́ táìlì sílẹ̀, ti ẹni tó fún wa ní àga tuntun. Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san rere. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ra páànù àkọ́kọ́ tó bo ṣọ́ọ̀ṣì náà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi rántí wọn: "Àwọn ìyá wa náà kò gbẹ́yìn." Ó parí síbẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí iye owó, kò sí ọdún.

Ìyá mi wà lára "àwọn ìyá wa" yẹn. Aláró ni, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ bí igi ṣe wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun nígbà tí Láròóyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń tẹ ìlú dó, tí ohùn sì ké láti inú odò pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í bọ odò. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò aró ni orúkọ ìlú mi ti jáde, inú rẹ̀ náà sì ni páànù ṣọ́ọ̀ṣì mi ti jáde, ìyẹn sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi, rélùwéè ló gbé ìjọ wa wọ̀lú. Kí ọdún 1910 tó dé ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti gba Ìbàdàn dé Òṣogbo. Àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, bá a dé, wọ́n sì kó Bíbélì àti ìwé orin wọn dání. Odindi Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ti wà nílẹ̀ láti 1884. Yàrá kan ni wọ́n háyà tí wọ́n ń kọrin níbẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá ìyá mi ń gba ojú fèrèsé yọjú sí wọn. Ó máa ń sọ fún wa pé orin kọ́ ló kọ́kọ́ fa òun, àti pé ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé obìnrin kan láàárín wọn ń wo ìwé, ó sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lédè tí òun ń sọ nílé. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun náà. Ohun tó mú un wọlé nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni ìjọ ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòye ní Iléṣà lọ́wọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ atẹ̀nà tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ìyá àgbà mi fi ẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n ru omi sínú ìgò. Àwọn kan kò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. Wọ́n di Aládùúrà. Ìwé ìtàn náà pe èyí ní "àkókò àdánwò". N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn tiwa náà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, a ṣì ń ṣe é títí di òní. Nígbà tí Babalọlá sùn ní Ẹdẹ ní 1959, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo rántí pé àwọn ìyá ìjọ wa pa ìkòkò aró tì lọ́jọ́ náà, wọ́n sunkún bí ẹni pé tiwọn ló lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ìyá mi di olóògbé, mo bá ìwé ẹ̀kọ́ kan nínú àpótí rẹ̀, ó fi gèlè we é. Ìwé owó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni. Òun ni akọ̀wé wọn, torí òun nìkan nínú àwọn aláró ló mọ̀ ọ́n kọ, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ló sì ti kọ́ ọ. Ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù Ẹrẹ́nà 1954. Obìnrin mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́ta, ni wọ́n ń dá lọ́sẹ̀. Bí gbogbo wọn bá san, ṣílè márùn-ún àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni. Mo ṣírò rẹ̀ fún odindi ọdún kan: ó ku ṣílè kan kó pé pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá owó yìí kí páànù tó gun orí ilé.

Àwọn tí kò mọ̀wé ní àmì tiwọn. Ọ̀kan ya ẹyẹlé, ọ̀kan ya ọmọ odó, ọ̀kan ya òòyà. Ẹlẹ́kọ kan wà tó ń ya ewé, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Òkè-Báálẹ̀. Ìgbàkígbà tí obìnrin kan bá san owó, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ ìyá mi tó ń ya àmì rẹ̀ sí iwájú iye owó. Ẹyẹlé inú oṣù Ẹrẹ́nà rí wúruwùru, kò ní ẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún Kérésì, ó ti ní ẹsẹ̀, ó ní ìyẹ́, ó tún ní ojú. Àti pé etí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, aró ni. Ìka wọn ni. Ẹni tó bá ti pa aró rí mọ̀ pé bó o fọ ọwọ́ títí, èlú kì í kúrò ní ìdí èékánná. Wọ́n á ti ya adìrẹ ẹlẹ́kọ wọn láti òru, wọ́n á ti rì í, wọ́n á ti sá a, kí wọ́n tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ẹ̀kúnwọ́ tí wọ́n rí lórí adìrẹ Ìbàdàndùn kan ni tọ́rọ́ náà ti ń jáde.

Ibì kan tún wà tí ìyá mi kọ "ọ̀fẹ́" sí, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Káfíńtà ni, Mùsùlùmí sì ni, kì í pa ìrun jẹ. Nígbà tí páànù dé, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ló kan ilé náà, wọn kò gba kọ́bọ̀. Mo wà nísàlẹ̀ àkàbà, mo ń na ìṣó sí wọn. Nígbà tí àkókò Àsárì bá tó, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi omi tí àwọn obìnrin pọn sílẹ̀ fún bíríkì ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun lábẹ́ igi mángòrò, wọ́n á tún padà sókè. Kátíkíìsì wa máa ń dá àwọn ọmọdé lẹ́kun ariwo títí wọ́n á fi ṣe tán. Bí a ṣe ń gbé nílùú yìí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà kò sí nínú ìwé ìtàn.

Ilé tí wọ́n kàn yìí ló gba àwọn ọmọ nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ògiri lásán ni nígbà yẹn, imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ A, B, D, kí èmi náà tó di tíṣà. Ní 1961, ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlù Dúró Ládípọ̀, òṣèré tíátà, gba ìlú kan. Ọmọ kátíkíìsì ni. Ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, ó kó dùndún wọlé, àwọn àgbààgbà kan sì yarí pé ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Ilé tiwa náà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, bàbá mi kò fẹ́, ìyá mi ní Dáfídì jó. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ládípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo, tó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lónìí, gángan ni wọ́n fi ń kí bíṣọ́ọ̀bù káàbọ̀ ní ìjọ wa. Ìyẹn náà yẹ kó wà nínú ìtàn, kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ẹnì kan ti gba ìbáwí kí ìlù tí wọ́n ń jó sí yìí tó wọlé.

Ìyókù kò gùn. Wọ́n dá àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1987. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1991, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bọ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ Òṣogbo láti Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé a ń jókòó sí ìta. Ìjọ Àgùdà náà di àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbí ní 1995. Ìwé ìtàn wa sọ gbogbo èyí dáadáa, torí ó wà nínú fáìlì.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ fáìlì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n fẹ́ wó ilé àtijọ́ náà lẹ́yìn àjọ̀dún kí wọ́n lè kọ́ èyí tó tóbi. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, àwọn èèyàn nílò àyè. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ìwé sí, mo ṣí àpótí ìwé ìsàmì. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé méjì. Òjò ti rin ìkẹta, ojú ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí àmàlà tó ti sùn. Nínú irú ìwé yẹn ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí, orúkọ ìyá àti bàbá, àdúgbò wọn, iṣẹ́ bàbá, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tí ó gba omi. Nígbà tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ tíṣà, òun ni mo fi mọ ọjọ́ orí mi, kò sí ìwé mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo mú ìwé ìyá mi lọ fún wọn pẹ̀lú, wọ́n ní ìwé ìtàn ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kò sí àyè mọ́.

Lẹ́tà àwọn òyìnbó CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, tó wá sí ilẹ̀ Yorùbá wà nípamọ́ ní Yunifásítì Birmingham, ọ̀pọ̀ ìwé CMS tó kù sílé sì wà ní ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí míṣọ́nárì jẹ lóúnjẹ àárọ̀ lè rí i kà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ti àwọn ìyá wa wà, nínú gèlè.

Mo ń bẹ àwọn ìjọ tó wà ní Òṣogbo, àti tiwa, àti Àgùdà, àti Onítẹ̀bọmi, àti Aládùúrà: kí ẹ tó pe atẹ̀wé, ẹ kó ìwé ìsàmì jáde sínú oòrùn. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kí wọ́n fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n má lo iná kámẹ́rà, torí ó máa ń dán lójú tàdáwà. Kí ẹ̀dà kan wà ní ìjọ, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n sì jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó kù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọmọ ọmọ mi ya gbogbo ìwé ìyá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ewé mọ́kànléláàádọ́ta.

Nínú àwọn obìnrin mẹ́tàlélógún, mo ti mọ méjìlélógún. Ó ku ọ̀kan. Àkàbà kékeré onípele mẹ́ta ni àmì rẹ̀. Kò jẹ owó ọ̀sẹ̀ kankan láti Ẹrẹ́nà 1954 títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ra páànù, àtọjọ́ náà n kò rí àmì rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tàbí ibòmíràn tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ń ya irú àkàbà bẹ́ẹ̀ sára adìrẹ tàbí sára ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí olóòtú, yóò fi rán mi. Mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó wó ilé náà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìjọ kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.