Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Áàpù Ọ̀rọ̀-Ìṣe Èdè Ítálì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Padova, Ítálì
Ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsimi. Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo ra áàpù yín tó ń kọ́ èèyàn bí ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì ṣe ń yí padà. Yúrò 49 ni mo san fún ọdún kan. Ohun tó wọ̀ mí lójú ni pé èdè Yorùbá lẹ fi ṣàlàyé, ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ìpolówó yín pé gbogbo modo 7 (oríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀-ìṣe) àti gbogbo tempo 21 (bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń fi ìgbà hàn) ló wà níbẹ̀. Mo ti lò ó fún oṣù márùn-ún báyìí. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ tà fún mi, ó sì ti kó bá mi níbi iṣẹ́.

Màmá àgbàlagbà kan, ẹni ọdún 86, ni mò ń tọ́jú nínú ilé rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní badante níbí. Mo tún ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò B1, ìyẹn ìpele àárín nínú ìmọ̀ èdè, torí láti ìparí ọdún 2018 ni òfin ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí B1 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú yìí. Ìdí méjèèjì yìí ni mo fi wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lédè tiwa. Mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. "Lọ" wà bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn ará ibí ń wí pé vado, vai, va, andiamo, andate, vanno. Ọmọ Faransé tàbí ọmọ Spéènì tí wọ́n bá fún ní àtẹ tó ní àṣìṣe lè fura, torí ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn náà ń yí báyẹn. Èmi tí mo ti ń sọ "lọ" kan ṣoṣo láti kékeré, kí ni màá fi fura? Ohun tí àtẹ yín bá kọ ni mò ń há sórí, òun náà ni mo sì ń gbé lọ bá àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí àmì. Láti ìgbà tí ẹ ti tún áàpù náà ṣe nínú oṣù Kọkànlá, gbogbo àmì orí lẹ́tà ló ti pòórá. Parlo ni "mò ń sọ̀rọ̀". Parlò, tí àmì wà lórí o tó gbẹ̀yìn, ni "ó sọ̀rọ̀": ẹlòmíì ló sọ ọ́, ó sì ti kọjá. Nínú àtẹ yín báyìí, méjèèjì ti di parlo. Parlerò, "màá sọ̀rọ̀", ti di parlero. È tó jẹ́ "ó jẹ́" ti di e tó jẹ́ "àti". Ọmọ Yorùbá ló ṣe áàpù yìí. Àwa tí àmì kan ṣoṣo ń sọ fún wa bóyá "o lọ" ni tàbí "ó lọ", báwo la ṣe wá ṣe èyí sí èdè elédè?

Ẹ wo ohun tó fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ní agogo mẹ́jọ, dókítà Màmá pè sílé. Ó ní kí ọmọ Màmá pe òun padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n lè fìdí ọjọ́ tí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ Màmá fún àyẹ̀wò múlẹ̀. Mo ṣí áàpù yín, mo wá chiamare, mo wo ibi tí ẹ kọ "ó pè" sí, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ Màmá bí ẹ ṣe kọ ọ́: "La dottoressa chiamo alle otto." Mo rò pé mo ti sọ pé dókítà pè ní agogo mẹ́jọ. Ohun tí obìnrin náà kà ni pé èmi ni màá pe dókítà ní agogo mẹ́jọ. Ó fọkàn balẹ̀ pé mo ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọjọ́ náà fún ẹlòmíì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la sì fi dúró kí wọ́n tó fún wa ní òmíràn.

Nígbà tí a jókòó tí mo fi áàpù hàn án, ó tún sọ ohun kan fún mi tí ẹ̀yin kò sọ. Ó ní ká tiẹ̀ ní àmì wà lórí chiamò, ọ̀rọ̀ àárọ̀ òní kọ́ nìyẹn ní agbègbè tiwọn. Ha chiamato ni wọ́n máa ń wí. Ní àríwá Ítálì níbí, passato prossimo, ìyẹn irú ti ha chiamato, ni gbogbo ayé ń fi sọ ohun tó ti kọjá. Inú ìwé ni wọ́n ti sábà máa ń bá passato remoto, ìyẹn irú ti chiamò, pàdé. Ìsàlẹ̀ gúúsù, bíi Sicily, àti Tuscany ló ṣì ti wà lẹ́nu dáadáa. Ẹ̀yin fi passato remoto ṣe ẹ̀kọ́ kìíní lórí "àná", ẹ ò sì fi gbólóhùn kan kìlọ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló kàn, òun ló sì dùn mí jù.

Nínú ẹ̀kọ́ yín lórí imperativo, ìyẹn bí a ṣe ń sọ fún èèyàn pé kó ṣe nǹkan, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ kọ́ wa: siediti, mangia, aspetta, dammi la mano. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí Màmá. Mo rò pé mò ń wí pé "ẹ jókòó, mà, ẹ jẹun, ẹ dúró, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín." Ohun tí mò ń sọ gan-an ni "jókòó, jẹun, dúró, mú ọwọ́ wá." Fún ẹni ọdún 86! Màmá kò sọ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní ìyá òun ń béèrè ìdí tí mo fi ń bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ara mi tutù. Wọ́n tọ́ mi débi pé n kì í pe ẹni tó fi ọdún méjì jù mí lọ ní "ìwọ". Mo wọ yàrá lọ bá Màmá, mo kúnlẹ̀. Kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú ni. Mo ní, "Mi scusi, Signora," ìyẹn "Ẹ foríjì mí, mà."

Ìgboro ni mo ti gbọ́ mi scusi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tó ti wá. Àwa ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lei ni wọ́n ń lò níbí, bí wọ́n bá sì ní kí ẹni tí wọ́n ń pè ní Lei ṣe nǹkan, inú congiuntivo presente, ìyẹn ọ̀kan lára tempo tó wà nínú modo tí wọ́n ń pè ní congiuntivo, ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Fáwẹ́lì ìparí ló ń ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí tó jẹ́ -are, a rẹ̀ di i: aspetta di aspetti, scusa di scusi, mangia di mangi. Èyí tó jẹ́ -ere tàbí -ire, i rẹ̀ di a: prendi di prenda, senti di senta. Vieni di venga, dimmi di mi dica, siediti di si sieda. Kò ju ojú ewé kan lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gbà mí láti mọ̀ ọ́n nígbà tí ọmọ Màmá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì fún mi.

Mo wá padà sínú áàpù yín láti wo congiuntivo. Àgádágodo ni mo bá lórí rẹ̀. Ẹ ní kí n san yúrò 24 sí i, pé ti "àwọn tó ti gòkè" nìyẹn. Modo 7 tí ẹ polówó wá di 6. Ọ̀wọ̀ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá máa wá nínú èdè èyíkéyìí, kó tó wá ọ̀nà ọjà pàápàá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú mi ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé a ò lè fi ìyẹn sí ìparí, ká tún wá máa gbowó lé e.

Ọ̀rọ̀ tún kù lórí obìnrin. Andare (lọ), venire (wá), nascere (kí wọ́n bí èèyàn), tornare (padà) àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, essere (jẹ́) ni wọ́n ń bá rìn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, ìparí wọn sì gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa rẹ̀ mu. Bí ọkùnrin bá fẹ́ sọ pé "wọ́n bí mi", á ní sono nato, obìnrin á ní sono nata. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ "Sono nata a Ibadan", pupa ni áàpù yín ń fi sí i, á sì kọ sono nato fún mi. Mo tún un kọ títí ó fi di bárakú. Níbi ìdánwò ìdánrawò tí a ṣe ní kíláàsì wa, mo kọ nato. Olùkọ́ wa fa igi sí i, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ mi ló bá mi kọ ọ́. Ó sì lé ní ìdajì nínú wa ní kíláàsì yẹn tó jẹ́ obìnrin.

Pulire (nu mọ́), capire (lóye) àti finire (parí) náà ṣì wà lórí àṣìṣe: ẹ kọ wọ́n bí ẹni kọ dormire (sùn), tó máa ń di dormo. Pulisco ni, capisco ni, finisco ni. Kò sí pulo níbikíbi.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Ẹ dá yúrò 49 mi padà fún mi ní kíkún. Ẹ dá gbogbo àmì padà sórí ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù gba nata, andata, siamo tornate lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ṣí congiuntivo fún gbogbo ẹni tó ti sanwó, torí ó wà nínú ohun tí ẹ ṣèlérí. Kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn oníbàárà yókù, kí ẹ sọ àwọn àtẹ tó ní àṣìṣe fún wọn. Mo mọ èèyàn mẹ́rin tí mo fúnra mi ní kí wọ́n rà á, mo sì ti lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ àforíjì.

Codice del Consumo, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ yìí, sọ pé ohun orí fóònù tí wọ́n bá tà gbọ́dọ̀ bá bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ mu. Mo fún yín ní ọjọ́ 30. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbé ọ̀rọ̀ ìpolówó modo 7 yẹn lọ sí AGCM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìpolówó ẹ̀tàn. Kì í ṣe ohun tó wù mí láti ṣe sí ilé-iṣẹ́ ọmọ wa.

Mo fi àwòrán ojú fóònù 14 mọ́ lẹ́tà yìí, àti àwòrán ẹ̀yìn rìsíìtì tí ọmọ Màmá kọ. Ẹ lè lo ti ẹ̀yìn rìsíìtì náà fún ẹ̀kọ́ imperativo yín. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Padova