Ẹ̀bẹ̀ lórí irun Òwú

Bódìjà, Ìbàdàn
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù Manchester? Ara wa le níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí o tó pè wá lórí fídíò lọ́la, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti jẹ́wọ́: irun Òwú, ajá rẹ, ti lọ. Gbogbo rẹ̀ pátá. Jọ̀ọ́, má tíì pariwo, kà á tán ná.

O mọ̀ pé kí o tó gbé tìrẹ fún mi, Tanímọ̀la, ajá tèmi, nìkan ni mo ti ń wẹ̀. Irun òun rèé, kò gùn ju èékánná lọ. Garawa omi kan, ọṣẹ tó bá wà nílẹ̀, ó gbọnra, ó sá lọ yáàrùn, ó parí. Bí mo ṣe wẹ Òwú náà nìyẹn. Nítorí eégbọn, mo tún da oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìwẹ̀ sínú omi rẹ̀, bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe. Mi ò tilẹ̀ ya irun rẹ̀ kí n tó da omi lé e. Nígbà tó fi máa gbẹ, ẹ̀yìn etí àti abíyá rẹ̀ ti di dàdá. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń họra bí ẹni tí wèrèpè bà.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá kò kọ́kọ́ wo ajá, èmi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní tí omi bá kan irun tó ti ta kókó, ńṣe ló máa ń le sí i, pé òòyà ló yẹ kó ṣíwájú omi. Irun Lhasa, irú ajá tí Òwú jẹ́, a máa gùn bí irun orí wa ni, kì í dúró. Tibet tó tutù ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ dá a sí ní gígùn kò gbọdọ̀ fi òòyà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ti apakòkòrò yẹn, ajá á máa lá a kúrò lára ara rẹ̀ ni, májèlé sì ni. Mo wá béèrè nípa ọṣẹ dúdú, mo rò pé mo gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eérú tó wà nínú rẹ̀ á bó epo ara ajá dànù, awọ wọn sì tín-ín-rín ju tiwa lọ.

Kókó náà kò ṣeé tú mọ́, kilípà ló kù. Ní báyìí, ọṣẹ oògùn ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo máa ń fi òwú dí etí rẹ̀ (òwú gidi o). Ìfófòó náà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí n tó ṣàn án. Ìṣẹ́jú 10! Oríkì tí màmá rẹ máa ń kì fún ọ ni mo ń kì fún un kó má baà gbọnra sí mi lójú.

Bàbá onílé rí i, wọ́n ní ooru ń mú Alsatian tiwọn náà, kí n júwe onígbàjámọ̀ wa fún àwọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti béèrè. Irun méjì ló wà lára ajá yẹn: ti òkè le, ti abẹ́ rọ̀, ti òkè ló sì ń gba oòrùn sílẹ̀ fún awọ. Bí wọ́n bá fá a, ó lè má hù dáadáa mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì la fi yanjú tirẹ̀. Irun abẹ́ tó já kún láílọ́ọ̀nù ńlá kan. Ìṣòro tirẹ̀ ni gbígbẹ, torí tí omi bá há sábẹ́ irun yẹn, egbò ló ń dà.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ nílé, jọ̀ọ́ fi kóòmù onírin rán an, eyín tèmi ti kán méjì. Tí o bá sì pè lọ́la, pe orúkọ Òwú kí o tó rẹ́rìn-ín. Tanímọ̀la gan-an gbó o bí àlejò lọ́jọ́ tí a gbé e dé.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́