Ìkéde: Ìpàdé Sátidé àti ìwé ìtàn ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa tó gba ọmọ ṣọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o.

Ìpàdé wa di Sátidé tó ń bọ̀, aago 3 sí 5 ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 12 yóò ní yàrá tiwọn. Ẹ má bínú, òbí kankan ò ní wọ ibẹ̀: níbi tí ìyá bá jókòó sí, ọmọ kì í sọ tinú ẹ̀.

Ìwé ìtàn ọmọ la fẹ́ ṣe, ìyẹn ìwé tí a ó kọ ìtàn ayé ọmọ sí, tí a ó sì lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́. Ẹ mú ìwé òfìfo kan, fọ́tò mẹ́rin, àti ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ tí ẹ fi gba ọmọ. Ẹ̀dà ni o! Ẹ fi ojúlówó sílé, gọ́ọ̀mù kì í mojú ìwé pàtàkì. Ọjọ́ ìbí ọmọ ni ojú ewé kìíní, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á rò pé òun ò láyé kankan ṣáájú yín. Ibi tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ kọ "a ò tíì mọ̀", ẹ má fi irọ́ dí i.

Bí ọmọ yín ò bá tíì mọ̀ pé ẹ gbà á ṣọmọ ni, ẹ pè mí ná. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ fi iye ọmọ tó ń bọ̀ àti ọjọ́ orí wọn ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́