Ìbínú Tí A Fi Ń Sin Gbèsè

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí kíkápá ìbínú. Ibi tí ó kù sí lójú tèmi ni pé òǹkọ̀wé náà kò bèèrè ohun tí oníbìínú fẹ́ fi ìbínú ọ̀hún ṣe. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Òṣómàáló, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, sì ni bàbá mi. Kì í ṣe onínúfùfù rárá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ó bá fẹ́ lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò máa ka ìwọ̀sí tí ẹni náà fi lọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí owó bá sì ti wọ àpò, ẹ̀rín ni yóò rín bọ̀ wálé.

Ní 2008, Maya Tamir, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí wọn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ta ayò ìjà lórí kọ̀ǹpútà fẹ́ràn láti kọ́kọ́ gbọ́ orin tó ń múnú bíni, bí kò tilẹ̀ tuni lára, ju àwọn tí wọ́n fẹ́ ta ayò gbígbé oúnjẹ fún oníbàárà lọ.

Èmi náà ń gbé oúnjẹ nìyẹn. Oníbàárà á tú ańkárá mẹ́sàn-án palẹ̀, á ní òun ń bọ̀, n ó sì rẹ́rìn-ín, torí mo fẹ́ kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán kì í pa iná inú. James Gross, onímọ̀ bíi ti Tamir, fi èyí hàn ní 1998: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má jẹ́ kí ìríra fíìmù kan hàn lójú wọn ṣì rí i lára bákan náà, nígbà tí ó dínkù fún àwọn tí wọ́n fi ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn wò ó. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún ara mi pé owó oṣù oníbàárà náà ni kò tíì wọlé, n ó sì ká aṣọ mi láìkùn. Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ló jẹ mí ńkọ́? N kò ní jẹ́ ro irú èrò bẹ́ẹ̀, kí ọkàn mi má baà rọ̀ kí n tó débẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo ti gbaná jẹ tán kí n tó dé ilé onígbèsè kan ní Òkè-Àró, àfi bí mo ṣe rí i tí ó fi aṣọ tí n kò tíì gbowó rẹ̀ pọn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo kí i, mo padà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ìbínú náà kiri kí n tó lè tún lọ.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ kan,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.